Ìgò Méjì Tó Ń Jẹ́ OMI OGUN

Ẹ̀kán ni mo kọ, n kò kọ ẹ̀kan. Mo tètè là á mọ́lẹ̀ nítorí pé obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ẹ̀kán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ti rí orúkọ náà lára ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ láìsí àmì kankan lórí. Ẹ̀kán ni ohun tó ń kán. Ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì dáadáa: omi díẹ̀ á kóra jọ síbẹ̀, á wú, á rọ̀ dirodiro, á fẹ́ já, kò ní tíì já. Ohun tó rọ̀ síbẹ̀ yẹn ni ẹ̀kán. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti so ó rọ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó má sì jẹ́ kó já bọ́.

Mo kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ọmọ yìí ló sì máa ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láràárọ̀ kó tó wá sílé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí ó bá fi ọwọ́ lásán fa ìlà, ẹni tó lo rúlà ló yẹ kó tijú. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n tó bá di ti èdè Yorùbá, àwa méjèèjì ò gbọ́ra wa yé, nítorí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Mo fi báírò pupa kun ìwé rẹ̀ títí, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan tí mo fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó dìde láàárín kíláàsì.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní mọ ohun tí mo ń sọ ni?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kó jókòó. N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà, mo kàn sọ pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Èsì tí kò dára ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu mi. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí èsì tòótọ́ tó dé, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì gbà wá.

Yàrá àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, títì kan ṣoṣo ló là á láàárín òun àti ilé ìwòsàn. Fèrèsé kan ni yàrá náà ní, wọn kì í sì í ṣí i. Wọn kì í tan fáànù níbẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn á da òṣùwọ̀n láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ di ewé sínú ọ̀rá kó máa tà á fún aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á wò ó bóyá èròjà tó ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn wà nínú ewé náà lóòótọ́, bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré, àti bóyá ewé mìíràn tí kò yẹ ti bá a dàpọ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, odindi agbọ̀n ewé ni wọ́n máa ń sè fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á da ìgò kẹ́míkà ńlá kan lé e, wọ́n á dúró di ọjọ́ kejì, òórùn á sì lé gbogbo ènìyàn jáde. Ẹ̀kán kan ni Ìyá Ẹ̀kán ń lò ní tirẹ̀. Á rọ omi ewé náà sínú ìgò dúdú kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Á fa kẹ́míkà kan sínú sírínjì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí kì í bá omi pò gẹ́gẹ́ bí epo kì í ti í bá omi pò. Á fi abẹ́rẹ́ gún ìdérí náà, á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, á wá máa rọra ti ìdí sírínjì títí ẹ̀kán kan tí kò ju ẹyin eèrà lọ á fi yọ sẹ́nu abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló máa rọ̀ sí. Ní ìsàlẹ̀ ìgò, irin wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní oníjó á máa yí bírí bírí kí omi má baà dúró sójú kan. Èròjà inú ewé fẹ́ràn ẹ̀kán yẹn ju omi lọ. Díẹ̀díẹ̀, á máa fi omi sílẹ̀, á máa kó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, á fa ẹ̀kán náà padà sínú abẹ́rẹ́, á gbé e lọ fún ẹ̀rọ. Bí oníjó bá yára jù, ẹ̀kán já. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú omi tó sì fara kàn án, ẹ̀kán já. Bí o bá sín, ẹ̀kán já. Bí ó bá sì ti já, ó parí, kò sí ẹni tó máa lúwẹ̀ẹ́ wọ inú ìgò lọ ṣa á.

Ọkùnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń rí májèlé. Kò rí nǹkan kan. Ìlà ló ń yà. Ìlà náà á máa lọ gbọọrọ, bí èròjà kan bá ń kọjá nínú rẹ̀, á gòkè bí òkìtì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣẹ́jú tirẹ̀. Òkìtì ìṣẹ́jú kẹfà ni ti ewé ikọ́, ewé tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ dáadáa. Òkìtì ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni ti ewé burúkú kan tí òdòdó rẹ̀ dà bí fèrè. Bí kò bá tíì yọ òdòdó, ó jọ ewé ikọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò fara balẹ̀ lè já ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹni tó bá mu ún, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, á sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú kan, aago mẹ́jọ kò tíì lù tán tí fóònù fi dún nínú yàrá náà. Dókítà òdìkejì títì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

“Ẹ kú àárọ̀, mà. Káfíńtà kan wà níwájú mi níbí. Ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ ń jó, ó ń bá ògiri jà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun se ewé ikọ́ fún un lánàá, òun fúnra òun ló já a lẹ́yìn ilé.”

“Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa jẹ́ nìyẹn.”

“Kò dá mi lójú ni, mà. Ó ní hóró oògùn kan tó máa ń lò nígbà tí kò bá rí oorun sùn. Bí hóró yẹn bá pọ̀ lára ènìyàn, bákan náà ló máa rí. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ká májèlé ewé lọ́wọ́ kò. Tó bá jẹ́ ewé ni, abẹ́rẹ́ yẹn á gbà á là. Tó bá jẹ́ hóró ni, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà lè dá ọkàn rẹ̀ dúró.”

“Ohun tó mu ńkọ́, ṣé ó ṣẹ́ kù?”

“Ìsàlẹ̀ ife ni. Ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé e bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ: ewé ni, àbí hóró? Ẹ̀mí ọkùnrin kan rọ̀ mọ́ ọn.

Kí ìyàwó náà tó dé, Ìyá Ẹ̀kán ti ń múra sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá òkìtì májèlé mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ti májèlé tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, kó lè fi wé e. Ó mú ìgò dúdú mẹ́ta, ó rọ omi lásán sí wọn, ó fi ìwọ̀n májèlé mẹ́wàá sí àkọ́kọ́, ogún sí èkejì, ọgbọ̀n sí ẹ̀kẹta. Nínú yàrá náà, wọn kì í fi fígọ̀ kọ iye sára ìgò mọ́ láti ìgbà tí ẹnì kan ti ka ení sí eéje. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ. Ó ya bébà alẹ̀mọ́ mẹ́ta, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kíákíá, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìgò: OMI EWA, OMI OGUN, OMI OGBON.

Bàbá Ẹ̀rọ na ọrùn wò ó.

“Omi ẹ̀wà! Ta ló wá se ẹ̀wà síbí láàárọ̀ yìí?”

“Ẹ̀wá ni, Bàbá.”

“Àbí omi ẹwà ni? Bù díẹ̀ sí mi lójú, kí ìyá àwọn ọmọ mi lè tún mi fẹ́. Omi ọgbọ́n yìí ńkọ́, ṣé o ti mu tìẹ?”

“Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ mì.”

“Omi ogun! Ta là ń bá jà o?”

“Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo kọ,” Ìyá Ẹ̀kán dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó fi bi mí léèrè nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi abẹ́rẹ́ gún OMI EWA, ó so ẹ̀kán rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀kán náà ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó káfíńtà dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ife tánganran kan mú, ó fi àwo pẹlẹbẹ dé e. Ó ti fi ẹsẹ̀ gun gbogbo àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ láìdì mọ́ nǹkan kan.

“Ẹ gbà á. Kò dà nù. Ẹ̀kán kan ò dà nínú ẹ̀.”

Bàbá Ẹ̀rọ gba ife náà. “Ẹ jókòó, ìyàwó.”

“Mi ò lè jókòó. Èmi ni mo já a o, bàbá. Ọwọ́ mi yìí ni. Ó ní ikọ́ ò jẹ́ kóun sùn, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀, mo já a. Ewé tí mo ti ń já láti kékeré ni. Ṣé mo lè ṣì í já ni?”

Ènìyàn lè ṣì í já, Bàbá Ẹ̀rọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sẹ́ omi inú ife náà. Ohun tó rí kò ju kó kún ìgò kékeré kan. Ó dé e ní rọ́bà, ó ya bébà alẹ̀mọ́, ó sì fi lẹ́tà ńlá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára: OMI OGUN. Ó gbé e sórí àwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù.

Omi oògùn ló ní lọ́kàn. Oògùn ní o méjì níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jí ọ̀kan gbé nígbà tí a bá ń kọ ọ́. Ká ní ó fi o kejì yẹn síbẹ̀, ká ní òun tàbí Ìyá Ẹ̀kán fi àmì kan ṣoṣo sórí ohun tí wọ́n kọ, mi ò bá má ní ohun tí mo máa sọ fún yín. Wọn kò fi sí i. Ìgò méjì wá wà lórí àwo kan náà, àwọ̀ kan náà, ìdérí kan náà, bébà kan náà, OMI OGUN àti OMI OGUN.

Ìyá Ẹ̀kán fa ẹ̀kán ti OMI EWA yọ, ó gbé e fún Bàbá Ẹ̀rọ. Òkìtì yọ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án bó ti yẹ. Ìyá Ẹ̀kán kò yí ojú kúrò lára sírínjì rẹ̀ tó ń fọ̀ kó tó béèrè pé, “Tọkùnrin yẹn ti dé?”

“Ó ti dé. Omi oògùn. Ó wà lórí àwo.”

Ìyá Ẹ̀kán nawọ́. Ó ka OMI OGUN, ó sì mú un.

Ogún ìṣẹ́jú ni ẹ̀kán náà fi rọ̀. Ìyàwó káfíńtà ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ ń dún pà, pà, pà, títí Bàbá Ẹ̀rọ fi lọ bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀kán dé inú ẹ̀rọ, ìlà lọ gbọọrọ títí di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó wá gòkè fíofío. Òkìtì náà ga ju ti OMI EWA lọ ní ìlọ́po méjì. Ìyá Ẹ̀kán gbé fóònù.

“Dókítà, ewé ni o.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ẹ ṣé, mà. Mo ti ní kí wọ́n lọ gbé abẹ́rẹ́ náà wá láti ibi ìkóoògùnpamọ́sí. Ẹ bá mi wo bó ṣe pọ̀ tó, kí n lè mọ iye tí màá tún fún un lẹ́yìn àkọ́kọ́.”

Ìyàwó náà ti gbọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Mo ti pa ọkọ mi,” ó ní. Kò pariwo.

“Ẹ ò pa á,” Bàbá Ẹ̀rọ sọ fún un. “Abẹ́rẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Láti mọ bí májèlé náà ti pọ̀ tó, Ìyá Ẹ̀kán ní láti yẹ omi ogún àti omi ọgbọ̀n wò, kó fi òkìtì wọn wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó padà sídìí àwo, ó nawọ́ sí omi ogún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

OMI OGUN méjì ló wà níbẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ wà lórí rọ́bà ọ̀kan. Rọ́bà èkejì ń dán, kò sí ẹni tó tíì gún un.

“Bàbá, kí lẹ kọ sára ìgò ọkùnrin yẹn?”

“Omi oògùn.”

“Níbo lẹ kọ ọ́ sí?”

Bàbá Ẹ̀rọ dìde. Ìyá Ẹ̀kán ti fi sírínjì mìíràn fa díẹ̀ nínú ìgò tí wọ́n ti gún. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara bí omi tí ènìyàn ń mu. Ó fi sírínjì tuntun fa ìwọ̀nba tó lè rin orí abẹ́rẹ́ nínú ìgò èkejì. Ó pọ́n bí omi ewé ti í pọ́n.

Omi ti òun fúnra rẹ̀ pò ló yẹ̀ wò. Májèlé tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ láàárọ̀ ni ẹ̀rọ ya fún un. Omi tí káfíńtà mu ṣì wà nínú ìgò rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fo mọ́ fóònù. Ó ń dún lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó tún pè, ó ń dún. Ó wo Bàbá Ẹ̀rọ, Bàbá Ẹ̀rọ wo orúnkún ara rẹ̀ tí kò dára. Ìyá Ẹ̀kán ju fóònù sílẹ̀. Ó sáré.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Ó là títì kọjá láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Awakọ̀ kan tẹ búrékì gììrì, ó sì na orí jáde: “Ìyá, ṣé ayé sú yín ni?” Kò gbọ́. Ó gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ní méjì méjì. Wọ́dù àwọn ọkùnrin ló kángun sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì di ọwọ́ ọkùnrin kan mú lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, sírínjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ dúró! Ẹ má fún un!”

Dókítà gbé orí sókè. “Ẹ ní ó dá yín lójú.”

“Mo ṣì í. Mi ò tíì yẹ omi ẹ̀ wò rárá. Omi tèmi ni mo yẹ̀ wò.”

Àwọn nọ́ọ̀sì wo ara wọn. Dókítà rọra gbé sírínjì náà sórí àwo irin. Ó wo ìlà ọkàn káfíńtà tó ń fò lójú ẹ̀rọ.

“Ìdajì wákàtí,” ó ní. “Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èmi ni màá yan ọ̀kan nínú méjèèjì, màá sì yàn án láìmọ̀.”

Ogún ìṣẹ́jú ni ẹ̀kán ń lò, ẹ̀rọ ń lò ju mẹ́sàn-án lọ. Kí Ìyá Ẹ̀kán tó padà dókè, mẹ́rin ti lọ. Bàbá Ẹ̀rọ ti gbé ìgò káfíńtà sórí ohun tó ń yí oníjó, ó ti ya bébà méjèèjì kúrò lára àwọn ìgò náà, ó ti lẹ̀ wọ́n mọ́ etí tábìlì.

“Àkókò ò tó,” ó ní.

“Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni màá fún un.”

“Ṣé ó máa tó?”

“Májèlé tó bá pọ̀ tó ohun tó lè mú ọkùnrin bá ògiri jà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó o láti rí i.”

Ó fa kẹ́míkà sínú sírínjì, ó gún rọ́bà. Nígbà náà ló rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n rí láti ọjọ́ tó ti dé yàrá yẹn. Èémí sísáré náà kò tíì wálẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù, abẹ́rẹ́ sì ń mì tẹ̀ lé e nínú omi. Bí ẹ̀kán bá já, kò sí àkókò fún òmíràn.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fi ọrùn ọwọ́ ti etí tábìlì. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un nígbà tó bá ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ pé, “Má wo òwú. Ihò ni kó o wò.” Ó wo ẹnu abẹ́rẹ́. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó mú èémí dúró, ó ti ìdí sírínjì. Ẹ̀kán yọ, ó wú, ó rọ̀.

Ó fi oníjó sí ìwọ̀nba, kò jẹ́ kó yára. Ìyàwó káfíńtà ti dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kò mọ ohun náà. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n, ó tú gèlè rẹ̀, ó kó o sẹ́nu. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá ní títì, gíláàsì fèrèsé pariwo, omi inú ìgò gbọ̀n. Ẹ̀kán náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ já. Ó tún kóra jọ, ó padà di róbótó.

Nígbà tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó fà á wọlé, ó gbé e fún ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ fi ìka sórí bọ́tìnì.

“Kí ni kí n kọ síbẹ̀? Orúkọ wo ni màá pè é?”

“Ẹ pè é ní káfíńtà.”

Wọ́n jókòó ti ìlà náà. Ìṣẹ́jú kẹta, gbọọrọ. Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Ní ìkẹfà, òkìtì kékeré kan gòkè, ó sọ̀. Ìkeje. Ìkẹjọ. Ìyàwó káfíńtà ti sún mọ́ wọn láìmọ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá Ẹ̀rọ, bàbá náà kò sì gbọn ọ́n dànù. Ìkẹsàn-án wọlé. Ìlà ń lọ gbọọrọ. Ó ń lọ, ó ń lọ. Ó bọ́ sínú ìkẹwàá, gbọọrọ.

“Kí ló ní?” ìyàwó náà béèrè. “Kí ló ní? Mi ò rí nǹkan kan.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni,” Ìyá Ẹ̀kán sọ. “Ewé ikọ́ lẹ já, màmá. Ewé gidi ni. Ẹ ò ṣì í já.”

Dókítà gbé fóònù kó tó dún tán lẹ́ẹ̀kan.

“Kò sí i,” Ìyá Ẹ̀kán ní. “Kì í ṣe ewé.”

“Ó dá yín lójú?”

Ìbéèrè yẹn kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Ẹ̀kán kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ó yíjú sí ìgò náà, ó yíjú sí àwọ̀ omi tó wà nínú sírínjì kékeré, ó yíjú sí bébà méjì tó lẹ̀ mọ́ etí tábìlì.

“Mo rí àwọ̀ omi ẹ̀ pẹ̀lú ojú mi kí n tó so ẹ̀kán sínú ẹ̀. Kò sí májèlé ewé nínú ẹ̀.”

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ tó wà lórí àwo irin kúrò nítòsí. Ó so omi mìíràn mọ́ ọkùnrin náà lára, èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ nígbà tí irú hóró yẹn bá pọ̀ nínú ara. Kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlà ọkàn rẹ̀ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó di nǹkan bí aago mẹ́ta kó tó fi ògiri sílẹ̀ tó sì béèrè omi mu. Lọ́jọ́ kẹta ó béèrè ẹni tó gbé ayùn òun. Wọ́n bá ìgò hóró náà nínú agolo ìṣó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé. Ikọ́ ni kò jẹ́ kó sùn. Ó lo ọ̀kan, kò sùn. Ó tún lò ó, kò sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, òun kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bú u fún odindi wákàtí kan lórí ibùsùn, ó ní òun ti ń múra láti kú nítorí ẹ̀.

Ìyá Ẹ̀kán kọ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bó ti yẹ. Ó kọ àṣìṣe náà síbẹ̀ pẹ̀lú, kò fi pa mọ́, kò sì dá Bàbá Ẹ̀rọ lẹ́bi nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo ìgò inú yàrá jọ, ó ní kí Bàbá Ẹ̀rọ máa pe ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òun, òun á sì máa tún un kọ. Tí wọ́n bá dé ibi tó rú wọn lójú, bàbá á fi imú kọ ọ́ lórin: ogún, re mí, oògùn, re dò dò. Ó ní òun kò tíì kọrin tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó òun.

Ní Sátidé, Ìyá Ẹ̀kán wá sílé mi. Kò jókòó. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, bébà alẹ̀mọ́ méjì ló lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀: OMI OGUN, OMI OGUN. Òun ló ròyìn bó ti ṣẹlẹ̀ fún mi, bí mo ti rò ó fún yín yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, ó tì í sí iwájú mi.

“Tíṣà, ẹ máàkì í.”

Mo mú báírò pupa. Mo fi àmì kan sórí ti òkè. Mo fi o kan àti àmì méjì kún ti ìsàlẹ̀. Mo dá a padà fún un.

“Mélòó ni mo gbà?”

“Òdo nínú méjì.”

Ó ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ sókè ketekete, òkè, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì.

“Ẹ ṣé, sà,” ó ní.